Ọkùnrin Tó Ń Wọn Ohùn Fèrè Alápò ní Parsloes

Bí ẹnì kan bá ń wá etí tó gbọ́n jù lọ ní gbogbo Barking àti Dagenham, kó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀. Adégbọlá ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ló ni ín. Bí ẹ bá wo etí náà, kò yàtọ̀ sí etí ọmọ ènìyàn yòókù, àfi pé irun ti ń hù nínú ti apá òsì. Ṣùgbọ́n ó ní Ọlọ́run ló fún òun, kì í sì í ṣìnà. Bí fíríìjì bá ń kùn ní ilé ìdáná, á sọ ohùn tí fíríìjì ń pè fún yín, á sì fi kún un pé kò tilẹ̀ pè é dáadáa. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń wọ ibùdókọ̀ Heathway, tí bíréèkì rẹ̀ ń han gooro, àwọn èèyàn á di etí wọn. Òun á dúró, á fajú ro, á ní ó yẹ kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti dé London, ó sì ti pẹ́ gan-an tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹrù kan ní Castle Green, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì A13, níbi tí wọ́n ń kó adìyẹ dídì àti ẹja dídì sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa lọ láti yàrá yìnyín kan dé òmíràn, kó máa wo tẹmọ́mítà, kó rí i pé òtútù kò dín. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ni yóò wí. Ìjọ Aládùúrà tí òun àti Olúfọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń lọ ló fi í jẹ oyè yìí, oyè náà sì dà bí adé tó tóbi ju orí lọ: kò lè tẹrí ba mọ́, kó má baà jábọ́.

Olúfọlákẹ́ ní tirẹ̀, ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń dáná ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ èyí tó bá sọ, ata ni.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ akọrin máa ń pàdé láti kọ́ orin ní họ́ọ̀lù àdúgbò kan lẹ́bàá Parsloes Park. Yàrá ńlá méjì ló wà níbẹ̀, ògiri pẹlẹbẹ kan ló là wọ́n láàárín. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn arúgbó tó ń ta káàdì ló wà ní yàrá kejì. Àwọn yẹn kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tilẹ̀ kú sídìí káàdì, ó dìgbà tó bá kàn án láti ta kí wọ́n tó mọ̀. Nígbà tí ọdún yí padà, wọ́n kó lọ sí ibòmíràn. Chloe, ọmọbìnrin tó ń bójú tó họ́ọ̀lù, wá fi yàrá náà fún ẹgbẹ́ kan tó ń fun fèrè alápò, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní bágípáìpù.

Ẹni tí kò bá mọ fèrè alápò, kó ro àpò kan tí èèyàn há sí abíyá, tó fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Fèrè mẹ́ta nà sókè lórí èjìká, tí wọ́n á máa kùn lórí ohùn kan náà láìsinmi bí agbọ́n. Fèrè kẹrin, fèrè ọwọ́, wà níwájú, òun ni wọ́n ń fi ìka tẹ̀, òun ló ń kọ orin. Ẹni tó bá ní fèrè yìí ń dún, ẹni náà ń ṣojú rere sí i ni. Ó ń ké. Ẹ wá kó bíi méjìlá irú rẹ̀ sínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn onílù, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀yìn ògiri tí kò nípọn ju bisikíìtì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin Ọjọ́ Ìsinmi. Kíbọ́ọ̀dù fún wọn ní ohùn, ó dákẹ́, wọ́n gbà á, ẹsẹ kìn-ín-ní lọ geerege. Ẹsẹ kejì ni àwọn ará ẹ̀yìn ògiri gbé tiwọn. Àwọn akọrin ò mọ̀ pé wọ́n ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé fèrè, bí ewúrẹ́ tó ń tẹ̀ lé ẹni tó gbé èèpo iṣu dání. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù fi tún wọlé ní ẹsẹ kẹrin, ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù méjì kọ lu ara wọn lórí A13. Adégbọlá gbé ọwọ́ sókè, ó di ojú rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn jókòó, pé wọ́n ti kó ìjọ Ọlọ́run lẹ́rú.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Chloe. Ọmọ náà fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé àwọn afunfèrè kò ju ìwọ̀n ariwo tí họ́ọ̀lù gbà láàyè lọ. Adégbọlá ní ariwo kọ́ lòun ń sọ, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n fọ́ gíláàsì fèrèsé. Ohun tó ń dun òun ni pé ohùn wọn yà. Gbogbo ọmọlúàbí tó ń lo dùùrù láyé yìí, ó ní, ti fẹnu kò pé ohùn tí wọ́n ń pè ní A gbọ́dọ̀ gbọ̀n ní ìgbà irínwó ó lé ogójì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn yìí ò sì sí níbẹ̀ rárá. Chloe rò ó wò, ó ní kò sí òfin họ́ọ̀lù kankan tó kan ohùn tó yà. Ká ní ó wà ni, àwọn tó ń ṣe káríókè lọ́jọ́ Ẹtì ì bá ti wà lẹ́wọ̀n. Ó wá béèrè bó ṣe mọ̀ pé ohùn náà yà. Adégbọlá fi ìka tọ́ka sí etí rẹ̀. Chloe wo etí náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n òun ò lè fi etí ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Adégbọlá dé egungun. Ẹ̀rí ni wọ́n ń fẹ́, àbí? Ó gba áàpù kan sórí fóònù rẹ̀, irú èyí tí àwọn onígìtá máa ń lò: bí ohùn bá wọ inú fóònù, á gbé nọ́ńbà jáde, á sì sọ bóyá ohùn náà ga jù tàbí ó rẹlẹ̀ jù. Ó kọ́kọ́ dán an wò lára fíríìjì, fíríìjì sì jẹ̀bi. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó fi àwọn akọrin sílẹ̀ lọ́wọ́ oníkíbọ́ọ̀dù, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, ó na fóònù síwájú bí ẹni tó gbé tùràrí. Abẹ́rẹ́ inú fóònù fò síbí, ó fò sọ́hùn-ún, ó wá dúró. Irínwó ó lé mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Inú rẹ̀ dùn ju ti ọlọ́pàá tó mú awakọ̀ tó ń sáré àsápajúdé. Wọ́n fi bí ogójì ju òfin lọ. Ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó to gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn.

Peter lẹni tó ṣílẹ̀kùn, òun ni olórí ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin gìrìwò onírunmú funfun ni, tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí bàbá rẹ̀ sì ti Scotland wá síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà létí rẹ̀ méjèèjì, torí ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé irú fèrè yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, fèrè á gba owó ibodè tirẹ̀ lára etí. Adégbọlá wọlé, ó sọ gbogbo ohun tó tò, ó sọ nípa irínwó ó lé ogójì, ó sọ nípa ìlànà àti ètò. Lẹ́yìn náà ló wá ju nọ́ńbà lulẹ̀ bí adájọ́ tó ń ju ọdún ẹ̀wọ̀n. Peter ní kó jọ̀ọ́, kó tún nọ́ńbà náà pè. Ó tún un pè. Peter yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sọ ọ́ fún wọn sókè, ni gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́.

Adégbọlá dà bí ẹni tó lọ fi olè sùn, tí olè wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá òun ka ẹrù. Peter di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń gbọn ọ́n. Ó ní fèrè alápò kì í bá dùùrù jókòó. Ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ń gòkè láti ìran dé ìran, torí àwọn tó ń díje fẹ́ kó máa tàn létí adájọ́. Lóde òní, irínwó ó lé ọgọ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Láti ìgbà òtútù ni ẹgbẹ́ yìí ti ń lé e tí wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n ti bá a, torí ẹni tó ń bá wọn wọn ohùn tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí etí òkun láti lọ sinmi.

Ìgbà náà ni obìnrin kan jáde láàárín àwọn afunfèrè, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ tòun ti fèrè lábíyá, àpò sì han fín-ín bí ó ti ń fún un.

“Ẹ káalẹ́ sir, Dádì Kúáyà.”

Dárasími ni, ọmọ arábìnrin kan nínú ìjọ wọn, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín ní Barking. London ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ nínú ìjọ pé ọmọ òun ń ṣe nǹkan kan tó jẹ mọ́ orin ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo èèyàn sì gbà pé ìjọ míì ni. Òun ni igbákejì Peter. Adégbọlá wo ọmọ Yorùbá nínú yẹ̀rì onílà àwọn ará Scotland, ó wo àpò lábíyá rẹ̀, ó ní ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀. Dárasími ní ìyá òun ló ń lọ yẹ̀rì náà.

Peter wá ní tí kò bá ní í ṣe é ní wàhálà, ṣé ó lè máa wá bá àwọn wọn ohùn? Etí tòun ti lọ, fóònù nìkan ò sì tó, àfi ẹni tó lè fara balẹ̀ gbọ́. Wọn ò tíì bẹ Adégbọlá báyìí rí láti ìgbà tó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Ó gbé e sínú àdúrà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì padà wọlé.

Láti ọjọ́ náà, àwọn akọrin rí ìsinmi. Adégbọlá á bá wọn ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, á fún wọn ní orin, á sì kọjá sí ẹ̀yìn ògiri láti lọ jọba. Ó kọ́ iṣẹ́ náà kíákíá, a ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dù ú. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ahọ́n esùsú tó ń mú ohùn jáde nínú fèrè ọwọ́ wọlé díẹ̀, ohùn á gòkè, àti pé bí ihò kan bá ń ké jù, wọ́n á fi téèpù dí i díẹ̀ lókè kó lè wálẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fa fèrè èjìká gùn, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, bí wọ́n bá kì í wọlé, á ga. Á lọ láti ẹnì kan dé ẹnì kejì, á na fóònù sí i lẹ́nu fèrè, á mi orí. Àwọn géńdé tó ń wa kérénì nínú wọn á máa làágùn níwájú rẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé kan wà níbẹ̀ tó máa ń sáré lọ mu omi bó bá ti rí i tó ń bọ̀. Nínú ìjọ, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun ń kọ́ àwọn Òyìnbó bí wọ́n ṣe ń fun fèrè baba wọn. Olúfọlákẹ́ ní kò burú, níwọ̀n bí ibi tó ti ń kọ́ wọn ti ní ògiri.

Àsìkò ẹ̀rùn dé, ìdíje dé. Pápá kan ní Essex ni, ọjọ́ Sátidé, àwọn ẹgbẹ́ sì ti oríṣiríṣi ìlú wá. Wọ́n fún Adégbọlá ní táì ẹgbẹ́. Ó so ó mọ́ ẹ̀wù, ó sì dé fìlà lé e. Olúfọlákẹ́ náà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín nínú kúlà. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí ọkọ òun ti ń jọba. Àárọ̀ ọjọ́ náà tutù, ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Adégbọlá to àwọn afunfèrè sí abẹ́ igi kan, ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí wọn, ó tún wọ̀n wọ́n, títí gbogbo wọn fi wà lórí irínwó ó lé ọgọ́rin géérégé. Ká sọ òótọ́, ó dára. Ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ mìíràn dúró ó ń gbọ́, ó sì kí Peter kú iṣẹ́. Adégbọlá pa fóònù rẹ̀, ó tì í bọ àpò, ó lọ jókòó ti mọ́ínmọ́ín.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tó wà níwájú wọn pọ̀. Bí wọ́n ti ń dúró, ìkùukùu kó ara rẹ̀ nílẹ̀, oòrùn sì yọ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù. Dárasími wá bá a.

“Dádì, oòrùn ti yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un wọ̀n.”

“Mo ti wọ̀n ọ́n.”

“Àárọ̀ lẹ wọ̀n ọ́n, sir. Ó ti gbóná báyìí, ohùn á ti gòkè.”

“Dárasími, nọ́ńbà kì í ṣe ará London tó ń bọ́ṣọ nígbà tí oòrùn bá ràn. Irínwó ó lé ọgọ́rin ni mo fi í sí. Ibẹ̀ ló wà.”

Ọmọ náà wo Peter, Peter sì wo Adégbọlá, ó ní ohun tí ọ̀gá bá wí náà ni. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ pápá.

Lóòótọ́, etí Adégbọlá kì í ṣe etí lásán. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Bí wọ́n ti gbé orin, kó tó di pé ẹlòmíràn fajú ro, ó ti dìde dúró. Àwọn fèrè ọwọ́ ti bá oòrùn gòkè, wọ́n ti fi àwọn fèrè èjìká sílẹ̀ sẹ́yìn, kò sì sí fèrè ọwọ́ méjì tó gòkè dọ́gba. Ohùn wọn ń lu ara wọn, ó ń gbọ̀n bí eyín ẹni tí ibà ń ṣe. Ó tan fóònù. Irínwó ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ó gbé e sún mọ́ ojú bóyá ojú rẹ̀ ló ń ṣe wàyó. Nọ́ńbà náà ò tijú, ó tún fi ọ̀kan kún un. Adégbọlá jókòó lórí kúlà, mọ́ínmọ́ín sì fara mọ́ ọn.

Àwọn ni wọ́n ṣe ìkẹyìn. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ní ó jọ pé fèrè ọwọ́ àti fèrè èjìká wọn ò tíì pàdé ara wọn rí. Peter sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ láìbínú, ó ní kí wọ́n lọ jẹun. Nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó bú Adégbọlá, ìyẹn ló sì burú jù. Ìgbà tí wọ́n dé ìtòsí Heathway ni Olúfọlákẹ́ tó sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́ ní etí tó gbọ́n náà.

“Bàbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi tẹmọ́mítà jẹun.”

Kò sóhun tó kù láti fi kún un.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Adégbọlá kò kọjá sí ẹ̀yìn ògiri. Ó ní ìjọ nílò òun. Ìjọ ò sọ fún un pé òun nílò rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó padà sọ́dọ̀ àwọn akọrin pẹ̀lú gbogbo agbára tó yẹ kó lò lára fèrè. Ó dá wọn dúró ní gbogbo ìlà orin, ó na fóònù sí wọn lẹ́nu, ó mú ìyá àgbà kan kọ orin kan náà títí ìyá náà fi béèrè omi. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì irú èyí, oníkíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀yìn ń dun òun, kò sì wá mọ́. Ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ Olúfọlákẹ́ láti ẹnu àwọn àgbà ìjọ. Kò yí i po. Bí ọkọ rẹ̀ ti ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, ó jókòó sí iwájú rẹ̀.

“Ẹ lọ bẹ àwọn afunfèrè. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ wọ́n, àwa kọ́ la ṣẹ̀ yín.”

“Wọ́n ti lé mi.”

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó wí bẹ́ẹ̀. Adégbọlá bu òkèlè, kò gbé e sẹ́nu. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kì í ṣe lílé ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti ń rò ó lójú oorun àti lẹ́nu iṣẹ́: kì í ṣe pé òun ò mọ̀ pé ooru ń gbé nǹkan sókè, iṣẹ́ òun ni. Ọmọ kan ló sọ ọ́ fún òun, kò sì sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ju pé kì í ṣe ẹnu òun ló ti jáde.

Ó lọ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ń nu fèrè lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Kò to gẹ̀ẹ́sì kankan lẹ́sẹẹsẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró sí àárín yàrá, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

“Ẹ̀bi mi ni,” ó ní. “Dárasími sọ fún mi, mi ò gbọ́.”

Peter ò gbójú sókè kúrò lára ahọ́n esùsú tó ń fi ọ̀bẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ họ. Ó ní òun ti pàdánù ìdíje níbi tí òjò ti rọ̀, níbi tí ajá ti wọ pápá, àti níbi tí òun fúnra òun ti gbàgbé orin. Kò sẹ́ni tó kú. Ohun kan ṣoṣo lòun máa tọrọ: tí wọ́n bá ti wà níta, Dárasími ni yóò máa sọ ìgbà tí wọ́n á wọn ohùn àti ìgbà tí wọ́n á dáwọ́ dúró. Adégbọlá gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ó kúkú gbé e mì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe ohun tí wọ́n ṣì ń sọ ní Castle Green títí di òní. Ó lọ bá Abdullah, ọ̀gá rẹ̀ nílé ẹrù, ó ní òun ń tọrọ àyè ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán láti mú obìnrin kan wá fun fèrè alápò lẹ́bàá yàrá yìnyín. Abdullah béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa. Ó wá ní níwọ̀n bí kò bá ti ní í kan adìyẹ, kò sí òfin tó lòdì sí i tí òun mọ̀, ó sì bá wọn dúró kó lè rí i pé lóòótọ́ ni.

Dárasími gba ìsinmi ọ̀sán lọ́dọ̀ dókítà eyín, ó dé, ó wọ kóòtù àwọn òṣìṣẹ́ tó bò ó mọ́lẹ̀ dé orúnkún. Ó dúró síbi tí èéfín òtútù ti ń jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá yìnyín, ó gbé fèrè. Àwọn awakọ̀ ẹrù jáde láti inú ọkọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ fìlà, ó fọwọ́ lé àyà, ó rò pé òkú ni wọ́n ń sin. Adégbọlá ń wo fóònù: bí òtútù ti ń wọ inú igi fèrè, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń jábọ́, irínwó ó lé ọgọ́rin di ohun ìrántí. Wọ́n kọjá sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, fèrè ọwọ́ síwájú, fèrè èjìká ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Wọ́n ṣe é lọ, wọ́n ṣe é bọ̀, títí ètè Dárasími fi kú tìpìrì.

“Ẹ rí i báyìí, sir,” ó ní.

“Mo rí i,” Adégbọlá dáhùn. Kò fi ìwàásù kankan tì í, Dárasími sì wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ìdíje kejì bọ́ sí òpin oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ náà, oòrùn àti ìkùukùu ń bá ara wọn ṣeré bojúbojú látàárọ̀. Adégbọlá kò jókòó. Bí oòrùn bá yọ, á wọ̀n wọ́n. Bí ìkùukùu bá dé, á tún wọ̀n wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa fi kóòtù bo fèrè tí wọn ò bá fun ún. Ó dààmú olùkọ́ ilé ìwé yẹn débi pé ọkùnrin náà lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ti fẹ́ pè wọ́n, tó tún ń na fóònù síwájú, Dárasími gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

“Ó tó, sir.”

Nọ́ńbà tó wà lórí fóònù kì í ṣe irínwó ó lé ọgọ́rin. Ó fi ẹyọ mẹ́ta lé e. Àmọ́ gbogbo fèrè ló wà níbẹ̀, tọwọ́ tèjìká. Adégbọlá fi fóònù sápò.

Wọ́n wọ pápá. Ó di ojú rẹ̀. Nígbà tí àwọn fèrè èjìká bá bá ti ọwọ́ ṣe ọ̀kan, èèyàn kì í gbọ́ wọn lọ́tọ̀ mọ́. Ilẹ̀ tí orin ń rìn lórí rẹ̀ ni wọ́n máa ń dà. Ilẹ̀ náà tẹ́jú lọ́jọ́ yẹn. Omi lé sí i lójú. Olúfọlákẹ́ fún un ní ìwé ìnujú, ó ní kòkòrò Essex burú.

Wọ́n gba ipò kejì. Peter gbá gbogbo wọn mọ́ra, ìyá Dárasími tó tẹ̀ lé wọn wá fi ijó bọ́ sí àárín àwọn onílù, ẹnikẹ́ni ò sì rí i dá dúró. Nínú gbogbo èyí, wọ́n wá Adégbọlá tì. Olúfọlákẹ́ ló rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ká adájọ́ ìdíje kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgọ́ tíì. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé nọ́ńbà wo ni ẹgbẹ́ tó gba ipò kìn-ín-ní wà lórí rẹ̀. Adájọ́ ní òun ò mọ̀. Adégbọlá ní báwo ni kò ṣe mọ̀, fóònù wo ló ń lò? Adájọ́ ní òun ò lo fóònù, òun kàn fi etí gbọ́ ọ ni.

“Etí nìkan?” Adégbọlá bi í, ó sì fi àánú wò ó.

Ó ti ń yọ fóònù jáde láti fi áàpù náà han ọkùnrin yẹn nígbà tí Olúfọlákẹ́ dì í mú ní táì, tó sì fà á lọ síbi tí bọ́ọ̀sì wà.